Ìyá Òkè àti Irin Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ìyá Òkè, èmi ni mo jẹ̀bi. Àwọn akunlé ń kun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ara ògiri ti gbẹ. Mo na ọwọ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Obìnrin kan tó wà lórí àkàbà wò mí láti òkè. Kò jágbe mọ́ mi. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri náà fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, ó ní, "Ẹ̀yìn ìka la fi ń bi í léèrè, tíṣà. Àtẹ́lẹwọ́ máa ń fi àpá sílẹ̀." Ó tún ibi tí mo bà jẹ́ ṣe, ó sì padà sókè. Kò sẹ́ni tó lè rí àpá ọwọ́ mi níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ ibi tó wà.

Níbi iṣẹ́, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Òkè ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún ló ti ń kun ara ilé gíga. Wọn á fi okùn so pákó kọ́ láti orí òrùlé, á dúró lé e, á máa kùn bọ̀ láti àjà tó ga jù lọ títí yóò fi dé ilẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá náà, ó fi òkè sílẹ̀, ó ń po ọ̀dà nísàlẹ̀, ó sì fi pákó lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá fi ilé lé àrẹ̀mọ lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ìyá Òkè pé kí ló rí lókè tí kò fi fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ìdáhùn kan náà ló máa ń fún un: "Kò sẹ́ni tó lè rán mi níṣẹ́ níbẹ̀."

Lọ́dún tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, òfin tuntun dé. Ọkùnrin kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn ti yọ̀ lórí pákó. Okùn ìgbànú rẹ̀ gbà á dúró, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò lágbára láti fa ara rẹ̀ padà. Ìdajì wákàtí gbáko ló fi rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí a sá, kí wọ́n tó rí i fà gòkè. Kò fara pa, àmọ́ àyà gbogbo ènìyàn já. Ọ̀gá ètò ààbò wá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gun ilé tó ju àjà mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ di ọ̀pá irin mú, kó fa ara rẹ̀ sókè títí àgbọ̀n rẹ̀ yóò fi kọjá irin náà, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, láìfò, láìfẹsẹ̀ ti nǹkan kan. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, ọgbà àti ilẹ̀kùn ni yóò máa kùn nísàlẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún wọn. Bí oṣù mẹ́ta náà bá pé, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lára ilé ìwòsàn alájà mẹ́sàn-án kan, èyí tí Ìyá Òkè ti fi ojú sí lára láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

"Òfin náà dára," ló sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó délé. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà ní yàrá iwájú, níbi tó ti lè rí ilé ìdáná láìdìde. "Ṣé márùn-ún náà ni wọ́n ń pariwo lé? Ẹni tó ń gbé garawa ọ̀dà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni yóò fi ara tirẹ̀ ṣe?"

Wọ́n pe wẹ́dà, ó bá wọn de ọ̀pá irin kan mọ́ abẹ́ àtẹ́rígbà ilé ìdáná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Òkè di irin mú, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó rọ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta bí ti ọ̀pọ̀lọ́ tí a dì mú lẹ́yìn. Irin wà lókè, orí wà nísàlẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Pẹ̀lẹ́ o. Mo rò pé o ṣì ń múra ni."

Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin tó ń múra ìdánwò àṣejáde, sá bọ́ sẹ́yìn ilé kó tó lè rẹ́rìn-ín. Ìyá Òkè bọ́ sílẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òdo. Ọdún mẹ́rìnlélógún lókè, òdo.

Ọmọ tó rẹ́rìn-ín náà ló wá bá a wádìí. Ó padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó kọ sẹ́yìn ìwé kan. "Màámi, wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì lè gòkè, kó kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gun àpótí, ẹ gbé àgbọ̀n kọjá irin, ẹ wá yọ ẹsẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ nílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi á máa kà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá rẹ̀ lára. "Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Á gun àpótí, á yọ ẹsẹ̀, ọmọ á kà dé márùn-ún, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà kò káwọ́ gbera. Ó kó rọ́bà fífẹ̀ tó máa ń fi sí ìbàdí ṣòkòtò jọ, ó tò ó ní ìlọ́po mẹ́rin, ó rán an gbọingbọin, ó sì so ó kọ́ sórí irin. Bí Ìyá Òkè bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, rọ́bà á gbà lára ẹrù rẹ̀, á tì í sókè díẹ̀. "Gbogbo ṣòkòtò tó wà ládùúgbò yìí ló ń tì ọ́ lẹ́yìn," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó tún ṣẹlẹ̀ pé obìnrin tí kò gbà kí ọmọ kankan fi nǹkan kọ ara ògiri láti ìgbà tó ti wọ ilé náà, òun fúnra rẹ̀ ló mú pẹ́ńsùlù fún àbíkẹ́yìn pé kó máa fa ìlà sára òpó ilẹ̀kùn, ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gòkè láìsí rọ́bà.

Ìlà àkọ́kọ́ hàn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n fa mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà, á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í joyè ni.

Àṣìṣe dé lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá Òkè ka ọ̀sẹ̀ tó kù, ìkánjú sì wọ̀ ọ́ lára. "Bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ bá fún mi ní mẹ́ta, ojoojúmọ́ á fún mi ní mẹ́wàá," ni ó wí. Láti ọjọ́ náà, kó tó bu omi sí ojú, irin. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, yóò lọ rọ̀ mọ́ páìpù tó wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù níbi iṣẹ́. Bó bá délé, irin. Gbogbo ìgbà náà ló sì ń fà á títí apá á fi kọ̀ jálẹ̀. Ìlà orí òpó ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mẹ́ta di méjì, méjì di ẹyọ kan. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń ro ó débi pé ọkọ rẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀yìn aṣọ.

"Ìyàwó mi, ṣé kò yẹ kí o sinmi?"

"Ṣé ilé ìwòsàn ló máa dúró dè mí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi de bọ́tìnnì, ẹ má bá mi de ẹnu."

Ọkọ rẹ̀ de bọ́tìnnì, ó padà sídìí ẹ̀rọ, kò tún sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyẹn gan-an dun Ìyá Òkè ju ìgbọ̀nwọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, òṣìṣẹ́ tuntun kan fi ìkánjú kun ẹ̀ẹ̀kejì lé ẹ̀ẹ̀kìíní tí kò tíì gbẹ. Ọ̀dà náà wú, ó sì ń já bọ́ ní èépá èépá. Ìyá Òkè pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Wò ó, àbúrò mi. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló ń mú kí ọ̀dà lẹ̀. Ìgbà tí o bá gbé ọwọ́ kúrò ló ń lẹ̀. O ò fún un láyè. Ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí o bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀." Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì jókòó sídìí garawa rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń po ọ̀dà lọ.

Nígbà tí wọ́n sinmi lọ́sàn-án, Ìyá Òkè gba ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù lọ sídìí páìpù rẹ̀. Ó fà á, ó dé ìdajì, apá rẹ̀ gbọ̀n, ó jábọ́. Nígbà tó yíjú padà, bàbá náà ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Na apá rẹ."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Mo ní kí o nà án."

Ó nà án. Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì fi ẹ̀yìn ìka kàn án lókè ìgbọ̀nwọ́, fẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe kọ́ ọ láti fi kan ògiri ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn.

"Kò tíì gbẹ," ni ó wí, ó sì tiro padà sídìí garawa.

Ìyá Òkè kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló jókòó lórí òkúta kan, tí kò sì dìde títí wọ́n fi pè wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó sọ fún ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀, ara tirẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ mẹ́fà ni kò fọwọ́ kan irin. Nígbà tó padà, ó tò ó bí ẹni ń to iṣẹ́: ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan, bó bá sì ti ku ẹyọ kan tí apá rẹ̀ lè ṣe, yóò fi í sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn di ẹ̀ṣọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ń kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó gbójú sókè, yóò ké láti yàrá pé, "Màámi, ọ̀dà tútù o." Ìyá Òkè tún bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Ó kàn kọ ẹ̀yìn sí i pé, "Ẹ bá mi de bọ́tìnnì," nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti lè dé ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ̀, ó sì dè é.

Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, wọ́n fa ìlà karùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ló pa eyín pọ̀ kó tó parí rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n gbé irin kọ́ sí àgbàlá ilé-iṣẹ́, ọ̀gá ètò ààbò dúró sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ yí wọn ká. Ìyá Òkè di irin mú. Ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, àgbọ̀n rẹ̀ ń kọjá geere. Ẹ̀kẹrin falẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọjá. Ní ẹ̀karùn-ún, ó gòkè, ó gòkè, ó dúró, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì bọ́ sílẹ̀.

"Márùn-ún," ni ọ̀gá wí, ó sì kọ ọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Òkè." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ìyá Òkè ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mẹ́rin ni."

"Mo kà á, mà. Márùn-ún ni."

"Àgbọ̀n mi kan irin, kò kọjá rẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹ dúró sí, ọ̀gá, ojú ìsàlẹ̀ máa ń tanni. Èmi ni mo wà lókè."

Akunlé kan fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ fún un pé, "Ìyá, wọ́n ti kọ ọ́. Kí lẹ tún ń wá?"

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Okùn ò mọ̀wé kà."

Ọ̀gá fa igi lé márùn-ún, ó kọ mẹ́rin. Ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì ló bá a gbé àpò dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lára ilé ìwòsàn láìsí òun. Ọgbà ilé ìwòsàn yẹn kan náà ni wọ́n ní kó kùn. Ó ń kun ọgbà, ó ń gbójú wo òkè, ó ń rí bí àwọn yẹn ṣe ń fi etí fèrèsé sílẹ̀ láìkùn. Ọjọ́ méjì ló fi pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Apá òsì yẹn, apá òsì," gbogbo òkè sì ń dáhùn pé, "A ti gbọ́, Ìyá Ìsàlẹ̀." Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, òun náà á rẹ́rìn-ín. Nílé, Ajé àti Ọjọ́bọ̀ kò yí padà. Ó bọ́ rọ́bà kúrò lórí irin, ó ká a, ó dá a padà sínú àpótí ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, mẹ́fà ló ṣe, àgbọ̀n rẹ̀ sì kọjá irin nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn tó wà lókè ti parí àjà mẹ́ta kó tó dé orí pákó, nítorí náà mẹ́fà tó kù ló kùn nínú ilé ìwòsàn náà.

Ní báyìí, ó wà lára ilé ìkówèésí alájà méje kan, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó sì ku àjà méjì kó kan ilẹ̀. Ilé wọn ti gba ọ̀dà tuntun lọ́dún yìí, gbogbo yàrá pátá, àyàfi òpó ilẹ̀kùn ilé ìdáná.