Ọjọ́ Tí Mo Bọ́ Sùtánà Ní Agoua

Ẹ̀yin ará ilé ní Kétu, àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi jókòó sínú takisí ní gáréèjì Savalou, tèmi ti sùtánà funfun lára àti ẹsẹ̀ lásán. Ẹ mọ̀ pé nínú ìjọ wa, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, nítorí náà inú àpò ni sálúbàtà mi wà pẹ̀lú omi àti gàrí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìsọjí ni mò ń lọ. Ìpolongo ìbò ni mò ń lọ, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé mi, èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ọmọ mi Salomẹ́ ti rẹ́rìn-ín tó fún gbogbo yín. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ kì í lanu nínú ìpàdé àwọn onígàrí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ òṣèlú ní Agoua?" Mo ní kó máa yan gàrí rẹ̀ lọ.

Òótọ́ kúkú ni ọmọ náà sọ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ará Mahi tí mo sì di ará Savalou, gàrí ni mò ń tà, ògbufọ̀ ni mo sì jẹ́ nínú ìjọ. Bí oníwàásù bá fi Faransé sọ ọ́, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi á sì tún sọ ọ́ ní Mahi. Mo mọ bí a ṣe ń dúró níwájú èrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló máa ń wà lẹ́nu mi. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, oníwàásù ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá korò, oníwàásù náà ni wọ́n ń bínú sí. Wọn kì í mú ògbufọ̀. Ìgbà tí ọkọ mi kú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ṣé báyìí ni màá ṣe wá tí màá sì ṣe lọ, láìní ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ tèmi.

Ìgbà náà ni Felisítì dé. Ọmọ Agoua ni, òun ni agbẹ̀bí tó gba ọmọ Salomẹ́ sọ́wọ́, ó sì fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ kọ̀mún Bantè. Kọ̀mún ni ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀. Ní Agoua, bí obìnrin bá ń rọbí lóru tí agbẹ̀bí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kò sí nítòsí, orí alùpùpù ni wọ́n ń gbé aboyún kà títí dé Bantè. Felisítì ní òun fẹ́ jà fún agbẹ̀bí kejì. Mo ní màá ràn án lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n máa ṣe ògbufọ̀ fún ọ̀gá ìpolongo wa, Mùsíé Isidọ́ọ̀, tó jẹ́ ará ìsàlẹ̀ lápá etí òkun tí kò gbọ́ Yorùbá. Sùtánà yẹn, èmi ni mo fúnra mi wọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ mi kì í ti gbọ̀n níwájú èrò.

Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ fráǹkì ni mo san dé Bantè. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ènìyàn márùn-ún kó wa mẹ́sàn-án, ewúrẹ́ kan sì wà lẹ́yìn tí kò dákẹ́. Ọ̀nà ọ̀dà ni, ó dán. Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín tẹ́jú bẹẹrẹ, ẹ ò tíì rí òkè tó dá dúró láàárín oko bí ti ibí yìí. Ọyẹ́ ti bo orí wọn, igi kajú ti ń tanná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, iṣu sì wà ní òkìtì òkìtì níwájú ilé.

Ní Bantè mo jẹ àtàsí, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ọ̀ọ́dúnrún fráǹkì, ó kún àwo. Rédíò Nàìjíríà ń ké nílé epo ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, mo sì ń gbádùn rẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Mùsíé Isidọ́ọ̀ ni. Wọ́n ti ní kó lọ polongo ní Akpassi dípò Agoua.

Ó ní, "Màmá, ẹ máa dá lọ. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ náà ni kí ẹ sọ."

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ sọ?"

Fóònù já. Mo pè é títí, kò wọlé. Ẹ̀rù bà mí gan-an, kí n má purọ́. Mo wo ọ̀nà Savalou, mo wo ọ̀nà Agoua. Mo ní ẹni tó ti jẹun tán kò gbọdọ̀ padà sílé bí ẹni tí kò rìn.

Mo gun zémì, alùpùpù tí ẹ̀yin náà mọ̀, Jilbẹ́ẹ̀ ló wà á, ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni. Irin ẹ̀ẹ́fín jó mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, eruku sì pọ́n sùtánà mi bíi pé mo fi epo pupa wẹ̀.

"Màmá wòlíì," Jilbẹ́ẹ̀ ní, "ẹ gbàdúrà kí táyà mi má bẹ́ o."

Ní Agoua, nílé Ìyá Adùkẹ́, olórí àwọn obìnrin àdúgbò, wọ́n fún mi lómi, wọ́n kí mi, wọ́n tún kí mi. Èdè Ìṣà wọn àti tiwa dà bí ọmọ ìyá tí wọn kò gbé pọ̀ dàgbà. Bí o bá fara balẹ̀, o ó gbọ́. Àwọn obìnrin ń ya wá, inú mi sì dùn pé èrò pọ̀, àfi ìgbà tí mo rí i pé ike omi ló wà lọ́wọ́ wọn. Aboyún kan kúnlẹ̀ níwájú mi, ó tẹ orí ba. Ìròyìn ti tàn pé wòlíì dé láti Savalou.

Mo ní ọ̀rọ̀ ìbò ni mo bá wá. Mo dárúkọ Felisítì.

Ìyá Adùkẹ́ ní, "A ti gbọ́, wòlíì. Ẹ̀mí ló fi hàn yín pé òun ni? Bí ẹ bá ti rí i, ó parí. Gbogbo wa la máa tẹ̀ ẹ́ fún un."

Jilbẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. "Màmá, ẹ ṣáà ti sọ pé ẹ rí i. Kí ló kù?"

Ẹ̀yin ará ilé, ó wù mí. Mo wo aboyún yẹn, mo ní ire rẹ̀ náà kọ́ ni mò ń wá? Ta ni irọ́ kékeré yìí máa pa lára? Mo ti túmọ̀ ìran àwọn ẹlòmíràn débi pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò rí ìran kan rí. Bí mo bá sọ pé Ẹ̀mí ló rán mi, ògbufọ̀ náà ni mo tún jẹ́ yẹn, mo sì tún wá parọ́ mọ́ ọ̀gá.

Mo tọrọ gáfárà, mo wọ yàrá Ìyá Adùkẹ́, mo bọ́ sùtánà, mo ká a sínú àpò, mo ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà. Ìgbà tí mo jáde pẹ̀lú ìró àti bùbá lásán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀pọ̀ gbé ike omi wọn, wọ́n ń lọ. Mo so ìró mi le.

Mo ní, "N kì í ṣe wòlíì. Ẹ jọ̀ọ́, n kò rí ìran kankan. Ojú mi ni mo fi rí Felisítì. Ọmọ mi rọbí láti àárọ̀ dé àárọ̀ kejì. Àsìkò iṣẹ́ Felisítì parí, ó lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ilẹ̀ ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ọmọ fi ké. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. N kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Obìnrin kan bi mí láti ẹ̀yìn pé, "Bó bá wọlé tán tí kò ṣe nǹkan kan ńkọ́?"

"Ẹ wá bá mi ní Savalou. Ẹ béèrè ilé Ìyá Salomẹ́ onígàrí, lẹ́yìn ọjà. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n."

Ìyá Adùkẹ́ wò mí lókè nílẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ rẹ̀. "Ká ní o sọ pé o rí i, à bá dìbò, à bá sì gbàgbé. Ìran Ọlọ́run, ta ló máa bi í léèrè? Ṣùgbọ́n o ti sọ ilé rẹ fún wa. Ọmọ mi, bí Felisítì bá ti jókòó sí ọ́fíìsì, a lè má rí òun mú. Ìwọ la máa mú o."

Mo ní, "Ẹ mú mi, ìyá."

Àwọn tó kù kò pọ̀, wọn kò sì ṣèlérí. Wọ́n gúnyán, wọ́n fi wàgáṣì, ìyẹn wàrà àwọn Fúlàní, sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Iyán Kétu dára, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ti Agoua ju tiwa lọ. Aboyún yẹn jókòó tì mí, ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé ilẹ̀ ni agbẹ̀bí náà jókòó sí. Mo ní òótọ́ ni. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé Savalou. Salomẹ́ ṣì wà nídìí agbada gàrí.

"Ṣé wọ́n ní àwọn máa dìbò fún un?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá ṣe dáadáa, èmi ni àwọn máa wá mú."

Ó ju igbá ìyangàrí sílẹ̀. "Háà! Màmá, kí lẹ wá ṣe?"

"Mo júwe ilé wa fún wọn."

Mo jókòó tì í, mo gba igbá, mo ń bá a yan ìyókù. Mo ní kó dá ṣe tọ̀la, nítorí mò ń lọ sọ̀rọ̀ ìbò ní Bobè, ìlú mìíràn ní kọ̀mún Bantè. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dúró níwájú èrò, kò sí ẹni tó béèrè ibi tí mò ń gbé rí. Ní báyìí, wọ́n mọ ilé mi ní Agoua.