Páálí Ọrùn Islamiat

Ọdún kọkànlá rèé tí èmi Fẹ́yìsetán ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Agbowó, ẹnu mi kò sì dákẹ́ rí. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Orí ẹní ìyá mi ni mo ti máa ń gbọ́ àlọ́ títí oorun á fi gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Ìbàdàn, mo rí i pé òyìnbó ni àwọn òbí fẹ́ kọ́mọ máa sọ, ni mo bá di aláṣejù.

Èmi ni mo gé páálí bisikíìtì, tí mo so okùn mọ́ ọn, tí mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ẹni tó gbé e kọ́rùn sọ Yorùbá ní kíláàsì. Islamiat, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbé e kọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, torí pé ó fi Yorùbá tọrọ omi. Àwọn ọmọ yòókù fi í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Láti ìgbà yẹn ni kò ti lanu mọ́ ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ wá bá mi pé nílé pàápàá, kì í dá ìyá àgbà lóhùn mọ́. Mo ní ìtìjú lásán ni, pé yóò lọ.

Kò lọ. Ní sáà yìí, ọ̀gá wa ní ká máa fi Yorùbá pa àlọ́ fún wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní bí mo bá lè gba ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu Islamiat, ọkàn mi á balẹ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo jókòó sáàárín wọn, mo ké: "Ààlọ́ o!"

Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọlọ́pàá. Mo kọ́ wọn ní èsì rẹ̀, mo tún ké. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ni Islamiat bá dìde. Ó lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa páálí náà yọ, ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó sì tún un ṣe kó lè dúró dáadáa. Ó wá padà jókòó síwájú mi.

"Ààlọ̀," ó rọra wí.

Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọmọ náà lójú. Mo nawọ́ kí n bọ́ páálí yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ẹ jẹ́ ó wà ńbẹ̀, Àǹtí. Mo fẹ́ gbọ́ àlọ́ náà tán."