Fáṣínà, Ẹni tí Wọ́n Lù Dípò Dókítà

Ìlaròó ni Fáṣínà ti wá sí Èkó. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń fọ egbò, tó ń di egbò, ní ọsibítù. Ní 1978, ọsibítù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kuje, nítòsí Festac l'Ékòó, ló wà. Ìwé rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí egungun bá kán, ó mọ ibi tí yóò dì mú kí dókítà tó fà á.

Dókítà mẹ́ta ló yẹ kó wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Ọ̀kan lọ sí London, kò padà. Wọ́n gbé èkejì lọ sí Ìkẹjà, wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ó ku Dókítà Ọláníran, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì fojú kan ilé rẹ̀ láti ọjọ́ méjì.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, pákó tí àwọn bíríkìlà dúró lé kán ní Festac. Típà gbé ọkùnrin méjì dé, Owólabí àti Fọlọ́runṣọ́. Ikùn Owólabí ti wú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀. Egungun itan Fọlọ́runṣọ́ ti yọ síta. Dókítà àti Nọ́ọ̀sì Bernice gbé Owólabí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Bọ̀dá Fáṣínà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn yìí o. Bí mo bá yọwọ́ nínú rẹ̀ báyìí, ó kú nìyẹn," dókítà sọ láti inú yàrá.

Fọlọ́runṣọ́ ń ké nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jẹ̀túndé kàfíńtà, mú pákó tí ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n bá típà dé gbé ṣọ́bìrì tẹ̀lé e.

"Dókítà dà?"

Ẹ̀wù funfun ló wà lọ́rùn Fáṣínà. Ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni dókítà wọ̀.

"Èmi ni," Fáṣínà sọ.

"Ìwọ! O rí àbúrò mi nílẹ̀, o wá dúró bí òpó iná!"

"Ẹ ní sùúrù. Ó ku díẹ̀."

"Sùúrù bàbá ẹ!"

Pákó bà á lẹ́nu. Eyín méjì yọ. Ṣọ́bìrì bà á níhà, ó ṣubú, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fà á lẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di irin ilẹ̀kùn mú. Ọ̀jẹ̀túndé lu ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹta, egungun dún. Fáṣínà fi ọwọ́ ọ̀tún di irin náà mú. Ìṣó wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yọ sódì kejì. Kò tú u sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí láti inú. Ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá dókítà.

"Owólabí yóò yè. Nọ́ọ̀sì ń rán ikùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ta ló lu ọkùnrin yìí?"

"Òun ló sọ pé òun ni dókítà," Ọ̀jẹ̀túndé fèsì.

"Èmi ni dókítà! Kò sí òmíràn níbí. Bọ̀dá Fáṣínà, ẹ wá di itan mú fún mi."

Fáṣínà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Dókítà wò wọ́n. Fáṣínà tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Ọ̀jẹ̀túndé.

"Kàfíńtà, kúnlẹ̀. Di itan rẹ̀ mú níbẹ̀ yẹn. Rárá, lókè sí i. Má wo ojú rẹ̀. Bó bá ké, má jù ú sílẹ̀."

Dókítà fa ẹsẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ ké, ó ṣépè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bu ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Ọ̀jẹ̀túndé ń sunkún, kò jù ú sílẹ̀. Egungun wọlé.

Lẹ́yìn náà ló tó kan Fáṣínà.