Kóró Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pè Ní Òdòdó

Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí Ìyá Ìpara. Èmi àbúrò rẹ̀ la jọ ń fọ́ kóró, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àgbọ́sọ ni mo ń sọ.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún omi èso ni ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní bọ̀ọ̀dá, ti ń ṣiṣẹ́. Kóró máńgòrò àti èèpo ọsàn tí wọ́n bá dà sí ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀, òun ló ń ṣà á, tó ń fi bárò tì í wálé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan. A ó fọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó fọ́ ọ, a ó lọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a ó sì fún ọ̀rá rẹ̀. Èèpo ọsàn ló ń mú un ta sánsán. Ara tó bá le bí èèpo igi, ìpara yẹn á mú un jọ̀lọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó fi ṣe é. Òdòdó ni. Òdòdó wo? Òdòdó òkè òkun. Háà! Obìnrin tí kò ní òdòdó kankan nílé ju èyí tó wà lára aṣọ fèrèsé lọ. Mo bá a sọ ọ́ títí, ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù, pé ta ló máa fi ohun tí wọ́n ṣà nílẹ̀ pa ojú. Ìtìjú náà le débi pé ó máa ń tilẹ̀kùn mọ́ wa tí a bá ń fọ́ kóró, ooru á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ibi iṣẹ́ wa. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó máa gba ìpara wa sórí àtẹ, a ó sì bọ́ lọ́wọ́ kíkiri ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbogbo kóró sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá òdòdó tútù gbé sórí tábìlì. Ohun tí kò lè ṣe ni kó la ẹnu sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó má wálé.

Àlejò ń gbóòórùn ìpara lọ́wọ́ nígbà tí bọ̀ọ̀dá ti bárò wọlé, omi máńgòrò lára ṣòkòtò, eṣinṣin lẹ́yìn. Ó kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Àlejò bi wá pé ta nìyí.

“Ẹni tó ń bá wa kó ìdọ̀tí ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ojú gbà mí tì. Bọ̀ọ̀dá wò ó, ó wo èmi náà, mo tẹ orí ba. Ó gbé garawa pàǹtí ẹnu ọ̀nà, ó dà á lé kóró lórí, ó sì ti bárò rẹ̀ jáde.

Àlejò gbé ìpara kalẹ̀. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n olódòdó ti pọ̀ lọ́dọ̀ òun bí eṣú. Èyí tí wọ́n fi ohun tí à ń dànù ṣe, tí nǹkan kò fi ní ṣòfò, lòun ń wá. Ó dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi dí i lọ́nà, ó ní kóró máńgòrò ni, kò sí òdòdó kankan níbẹ̀. Àlejò bi í pé ta ló ń kó o wá fún un.

Ẹyin lohùn, ó ti fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. “Ọkọ mi ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn ni.”

Àlejò ní kó mú òun lọ wo kóró inú bárò náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ bọ̀ọ̀dá lọ sí ààtàn. Ó ti da bárò délẹ̀, kóró tútù ti bá eérú àti ọ̀rá ike pò. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé káwọn ṣà á padà.

Bọ̀ọ̀dá kò pariwo rárá. Látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, “ìwọ” ló ń pè é. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sún sẹ́yìn fún wa.

“Ẹ dìde, Màdáámù, ẹ má dọ̀tí aṣọ yín. Ẹ kàn sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí n kó ìdọ̀tí yín sí.”