Bí Tẹlifíṣọ̀n Ṣe Sọ Ọ̀wẹ̀ Wa Di Ìjà ní Ọ̀rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ọ̀rẹ̀ fún yín. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ dòní. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, màá tún jókòó. Ìyàwó mi ní kí n sọ ọ́ síta kí ara lè rọ̀ mí, kí òun náà lè ráyè sinmi.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ajue mọ̀ pé èmi kì í ṣe èèyàn kékeré. Ìwé kẹta ni mo kà dé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo kòkó mi! Àwọn tó kàwé dé òkè òkun, ṣé wọ́n ní irú ẹ̀? Bàbá mi ló gbin èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, èmi náà sì fi tèmi kún un. Tó bá sì di ká gbé àdá ká ṣán igbó, láti Ajue dé Ararọ̀mí-Obu, ẹ mú ẹni tó lè bá mi tò wá! Kò sí.

Ó di ọjọ́ kan, mo dé oko, mo bá ọ̀dà pupa lára àwọn igi kòkó mi, bí ìgbà tí èèyàn sàmì sí ewúrẹ́ tó fẹ́ tà. Ti Bàbá Lúyì náà rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn bàbá àgbàlagbà kan tí oko wa jọ pààlà. Nígbà tí a wádìí, wọ́n ní ìjọba ti gbé ilẹ̀ náà fún kọ́ńpìnnì kan tó fẹ́ gbin ọ̀pẹ. Ta ló bi wá? Ta ló pè wá jókòó? Kò sẹ́ni kankan!

Bí àwa àgbẹ̀ ṣe kóra jọ nìyẹn, lọ́kùnrin lóbìnrin, a gba Ọ̀rẹ̀ lọ, sí ọ́fíìsì ọ̀gá kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo là ń fẹ́: kó gbọ́ tẹnu wa kí katakata kọ́ńpìnnì náà tó wọ oko hú kòkó wa. Láti oko la ti lọ tààrà, àdá wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ará ìlú lè máa bi mí pé kí la mú àdá lọ ṣe. Ṣé ẹ máa ń bi káfíńtà pé kí ló mú òòlù dání ṣe?

Wọ́n ní ọ̀gá jáde. A dúró. Oòrùn mú. A kọrin títí ohùn wa fi há. A wá jókòó, a ń wo iwájú ọ́fíìsì yẹn. Ẹ gbà mí! Koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Bàbá Lúyì wò ó, ó wò ó, ó pòṣé. Ó ní ṣé ibi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ onílẹ̀ rèé, tí wọn ò lè ro ìwọ̀nba tó wà níwájú ilé tiwọn? Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Bùnmi," ó pè mí, "àbí ká ṣe ọ̀wẹ̀ fún wọn ni?"

Ẹni tó bá mọ àgbẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ wa ò lè dilẹ̀ níwájú igbó. Bí a ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko náà la ṣe é: gbogbo èèyàn á tò, wọ́n á jọ máa ṣán oko ẹnìkan lọ, ti ẹlòmíì ló kàn lọ́la. A tò. Mo gba iwájú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi ló yẹ kó gbà á. Àdá ń dún, orin ń lọ, àwọn obìnrin ń kó koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dùn! Díẹ̀ ló kù ká gbàgbé pé ìbínú la bá wá.

Àṣìṣe kan ṣoṣo la ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ewé kan wà níbẹ̀ tó pupa fòò. Kò léso, kò sí iṣu nídìí ẹ̀. Èmi àti Bàbá Lúyì ṣán an lọ ràì! Ìgbà yẹn ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáré dé, ó káwọ́ lérí.

"Mo gbé o! Fúláwà ọ̀gá lẹ ṣán un!"

Bàbá Lúyì bi í pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó ní wọ́n kàn ń wò ó ni. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ẹ gbin ohun tí ẹ ń wò, ẹ wá fẹ́ hú èyí tí à ń jẹ?" Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. A bẹ̀ ẹ́, a ní a máa gbin òmíràn, ó ní kò burú. Akọ̀wé kan tilẹ̀ jáde sí wa, ó ní ọ̀gá ti gbọ́ pé a wá, ó sì máa rí wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìjà dà níbẹ̀?

Àṣé oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan ti dé, ó ti ń yà wá. Ọmọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní ni. Ó bèèrè ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́? Mo bọ́ síwájú. Mo fi èdè Ìkálẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n sọ Yorùbá tí gbogbo ayé máa gbọ́, mo yí i padà wẹ́rẹ́. Mo ròyìn ọ̀dà pupa, mo ròyìn bàbá mi, mo ní a ò bá ẹnikẹ́ni jà, ká jókòó sọ̀rọ̀ là ń fẹ́. Ó ní ó dáa gan-an. Ó wá ní kí n gbé àdá sókè kí àwòrán lè dùn ún wò. Mo gbé e! Mo tún fì í fìrìfìrì, kó lè rí bí èmi ọ̀gá àdá ṣe ń ṣán igbó.

Nírọ̀lẹ́, mi ò lọ sílé. Mo kó èèyàn jọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí gáréèjì, níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Mo ra mínírà fún wọn. Mo ní kí gbogbo wọn dákẹ́, èmi ni wọ́n fẹ́ rí báyìí.

Wọ́n rí mi lóòótọ́! Àdá lókè, ẹnu mi là gbàgà, ṣùgbọ́n ohùn mi ò jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, fúláwà nílẹ̀. Obìnrin tó ń ka ìròyìn ní àwọn àgbẹ̀ tínú ń bí ya wọ ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú ohun ìjà, wọ́n sì ba dúkìá jẹ́. Ó tán! Ọ̀rọ̀ ọ̀dà pupa dà? Koríko tí a ṣán ńkọ́? Ẹni tó wá kàn ni aṣojú kọ́ńpìnnì, ó wọ ẹ̀wù kóòtù, ó jókòó sínú yàrá tútù, wọ́n jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán pátápátá. Ó ní iṣẹ́ làwọn fẹ́ gbé wá fún àwọn ọ̀dọ́.

Túndé, ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ sóko, yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin rèé? Ẹ kó àdá wọ ọ́fíìsì ìjọba?"

"Túndé, koríko la ṣán!"

"Koríko wo? Fúláwà ni mo rí nílẹ̀ un."

Kí n tó dáhùn, ẹnìkan lẹ́yìn ní àwọn ará oko yìí náà ti le jù. Mínírà tí mo rà ló ń mu lọ́wọ́ o!

Láti ọjọ́ kejì ni ìlú ti yí padà sí wa. Obìnrin tó ta omi fún wa lọ́jọ́ náà, tó ń ṣàdúrà fún wa, ní òun ò mọ̀ pé àwọn abàlújẹ́ lòun ń bu omi fún. Ó wà níbẹ̀! Ó fojú ara ẹ̀ rí wa! Ṣùgbọ́n ó gba tẹlifíṣọ̀n gbọ́ ju ojú ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Àkúrẹ́ tẹkúntẹkún, ó ní ta ló fún mi ní ohun tí mo fà símú?

Èyí tó wá gbò mí jù ni pé ọ̀gá ọ́fíìsì ránṣẹ́ pé òun ò bá jàǹdùkú jókòó mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni katakata dé, ó gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà oko wa. Oko bàbá mi!

Mo bá pe rédíò, ètò kan tí aráàlú máa ń pè sí láàárọ̀. Mo pè é títí kó tó wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún wọn ni atọ́kùn dá mi lọ́nà.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹ gé fúláwà náà, àbí ẹ ò gé e?"

"A gé e, ṣùgbọ́n ohun tó..."

"Ẹ ṣé, sà! Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

Ó pa á! Èmi ń pariwo "Hẹ́lóò! Hẹ́lóò!" sínú fóònù tó ti kú. Mo jáde, mo wọlé. Mo tan rédíò, mo pa á, mo tún tàn án.

"Ẹ̀yin àti rédíò yín," Ìyá Bùnmi ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi. "Ta ló ń gbé gbogbo ìlú kiri lójoojúmọ́? Ṣebí àwọn ọlọ́kadà ni. Ẹ mú wọn wá sóko kí wọ́n wá wò ó."

Mo ní èmi? Kí èmi lọ bẹ ọlọ́kadà?

"Ẹ má bẹ̀ wọ́n. Ẹ jókòó kí katakata wá bẹ̀ yín."

Obìnrin yìí lẹ́nu! Mo lọ bá Túndé. Ó kọ́kọ́ lọ́ra, ó ní òun ò gbé oníjà. Mo ní kó kàn gbé mi bó ṣe máa ń gbé mi, ṣùgbọ́n kó má padà lójú títì, kó bá mi wọ inú oko. Ó bá mi wọlé. Igi lẹ́yìn igi, ọ̀dà pupa. Nígbà tí a dé ààlà, a bá Bàbá Lúyì lórí ìkúnlẹ̀, ó mú àkísà àti kẹrosíìnì, ó ń fọ ọ̀dà kúrò lára kòkó.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ un?" Túndé bi í.

"Mò ń bọ́jú fún wọn ni. Bí àwọn oníkatakata bá dé tí wọn ò rí àmì, bóyá wọ́n á rò pé àwọn ṣìnà."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Túndé wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò sọ èyí." Mo ní mo sọ ọ́! Wọ́n gé e kúrò ni!

Ọjọ́ kejì, Túndé kó àwọn ọlọ́kadà bíi tiẹ̀ wá. Kí lẹ tún ń wá? Ẹ̀yin náà mọ ẹnu ọlọ́kadà! Láti Òdìgbó dé Agbabu, kò sí ẹni tó gun ọ̀kadà tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Lúyì àti àkísà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn ńkọ́? Ṣé ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́? Lórí ọ̀kadà náà ni! Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, ọlọ́kadà ò jẹ́ kí wọ́n sinmi: "Ẹ bá wa bi ọ̀gá yín, kí ló dé tí ò fẹ́ rí àwọn bàbá wọ̀nyẹn?"

Ọ̀gá ránṣẹ́ sí wa. A lọ, láìsí àdá lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbọ́ tẹnu wa. Ó ní kí katakata dúró ná títí wọ́n á fi wọn oko kálukú níṣojú wa.

Oníròyìn ìjọ́sí tún wá. Mo ní kó má tíì gbé kámẹ́rà sí mi, kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi lọ sóko. Ó tẹ̀ lé mi, bàtà dúdú ẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ó ya gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó yà á dáadáa. A jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́. Kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Mo pè é, ó ní kí n má bínú, ọ̀gá òun ní kò sí ìjà nínú ẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ẹni tó ń ròyìn lè má parọ́ o. Fúláwà nílẹ̀, òótọ́ ni. Àdá lókè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá mú ẹyọ òótọ́ méjì, tó ju ìyókù sígbó, gbogbo ìlú á sọ yín di ọ̀tá. Nítorí náà, kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni tí ẹ rí nínú ìròyìn, ẹ bá mi wá ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ bi í.

Katakata ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà oko wa. Wọn ò tíì wá wọn ilẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé a tún jà, ẹ kọ́kọ́ pè mí. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé yín jáde nínú ìròyìn rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí n kà á: kí ni wọ́n gé kúrò nínú tiyín?