Ojú Abẹ Tí Ìyá Ìyàwó Mi Kò Rí

Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bí pẹ́pẹ́yẹ ló ń rìn. Àwọn ará Agbonou, àdúgbò wa, ní ẹwà ni. Dókítà òyìnbó tó wà ní Atakpamé nígbà náà ò rí ẹwà kankan níbẹ̀. Ó ní orí eegun itan ọmọ náà ti yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí, àfi iṣẹ́ abẹ.

Mo bá jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù títí n kò fi lè mí dáadáa, bóyá wọn á fa ẹ̀jẹ̀ mi fún un. Wọn ò fa nǹkan kan. Dókítà fi abẹ ṣóńṣó gún itan rẹ̀ nínú lókè, ó gé iṣan tó ń fa eegun, ó fọwọ́ tì í wọlé. Ojú ọgbẹ́ kò ju hóró àgbàdo lọ. Wọ́n wá fi ẹfun òyìnbó tó ń le bí òkúta dì í láti ìdodo dé kókósẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì yà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́.

Nọ́ọ̀sì ní, "Omi ò gbọdọ̀ kan ẹfun yìí. Bó bá rọ̀, eegun á tún yẹ̀, ọmọ á sì tiro títí ayé."

Nọ́ọ̀sì ò mọ ìyá ìyàwó mi. Kò sí ọmọ ilé wa tí òun fúnra rẹ̀ kò wẹ̀, tí kò fi epo fà lẹ́sẹ̀, tí kò gbá kókósẹ̀ rẹ̀ mú gbé sókè bí adìẹ ọjà. Lójú rẹ̀, ọmọ tí a kò wẹ̀ báyìí kò ní ẹbí. Ó bi mí bí ọgbẹ́ náà ti tó. Mo fi orí ìka hàn án.

"Àna mi, ẹ̀gún tó gún mi lóko lánàá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti tàn yín." Ó ti gbé omi kaná.

Nígbà tí òtítọ́ ò ràn mí lọ́wọ́, mo pa á tì. "Màmá, n ò fẹ́ dẹ́rù bà yín ni. Láti ìdodo dé orúnkún ni wọ́n là á. Irin tó wà nínú rẹ̀, ara òpó tí àwọn Jámánì fi ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un ní Kamina níbí ni. Bí omi bá kàn án, iná á gbé ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́."

Ó wo ẹfun náà títí. "Ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀?"

"Bí òjò bá ṣú nìkan ni."

Ó fi omi gbígbóná náà wẹ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí nọ́ọ̀sì tó lè ṣọ́ ẹfun bíi tirẹ̀. Bí òjò bá ṣú, á gbé ọmọ wọlé, á dẹtí sí i ní ìbàdí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gé ẹfun náà kúrò, ó yí ọmọ síwá, ó yí i sẹ́yìn. Àpá bíi ti ẹ̀fọn ló rí. Mo ń wolẹ̀.

Ó ní, "Àwọn èèyàn yìí mà mọ nǹkan rán o."

Ẹsẹ̀ ọmọ kọ́kọ́ le. Nígbà tó yá, ó rìn tààrà láti ẹnu ọ̀nà wá bá a nídìí ààrò, kò mi sọ́tùn-ún, kò mi sósì. Ìyá àgbà gbé e lé ẹsẹ̀, ó sì na orúnkún tirẹ̀ tó máa ń ro ó sí mi.

"Ẹ bá mi sọ fún dókítà yẹn kó la èyí náà. Ṣùgbọ́n kó má rán tèmi tí àpá ò fi ní hàn bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí i."