Táyà Tí Ẹ̀gbọ́n Yàn

Ìyá Onítáyà kì í pariwo. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa sọ pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni, pé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun náà ni yóò tún máa bẹ onítọ̀hún. Ẹ má dá wọn lóhùn. Obìnrin náà kì í pariwo nítorí pé ó ti rí ibi tó ń kó ariwo sí, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni, ohun tó bá sì ti wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde. Ó ń ta táyà, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó wà níbi tí títì ti yà sọ́nà ọ̀sà. Táyà tò kan àjà níbẹ̀. Òórùn rọ́bà wà lára aṣọ rẹ̀, ó wà lára ìrọ̀rí rẹ̀, débi pé ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, máa ń sọ pé òun rò pé ìyàwó lòun fẹ́, òun ò mọ̀ pé mọ́tò ni.

Ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún jù lọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Bàbá wọn ló kan ọkọ̀ ojú omi kan nígbà tí agbára rẹ̀ ń tán lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti kékeré, ó ti kàn án fún ẹni tó pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kàn gbẹ̀yìn yìí, ti ara rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ yìí ló bá a di pákó mú. Òun ló bá a fá a, tó bá a kùn ún, tó ń gbé àtùpà fún un nígbà tí ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀gbọ́n wà nígboro nígbà yẹn, ó ń wọ kóòtù kiri. Ọjọ́ tí ọkọ̀ parí, bàbá sọ ọ́ létí àwọn méjèèjì pé, "Ọmọ tó bá mi kàn án ló ni ín." Ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo èèyàn ni.

Nígbà tó yá, bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn, ọmọbìnrin náà ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kan tó jáde lọ ra oògùn, ẹ̀gbọ́n gbé mọ́tò wá, ó so tírélà mọ́ ọn nídìí, ó sì fa ọkọ̀ lọ. Ojú fèrèsé ni bẹ́ẹ̀dì bàbá wà. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin dé, ohun tí bàbá ń bi í ni pé, "Ta ló ń gbé ọkọ̀ mi lọ yẹn?" Bó ṣe ń bi í nìyẹn títí tó fi dákẹ́. Ilẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ tí ẹ̀gbọ́n fi dìde láàárín ẹbí, tó ní kí ni obìnrin fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe, pé àbúrò òun kò mọ iwájú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Onítáyà náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó sì ti pinnu nínú ẹ̀rín náà pé ẹ̀gbọ́n òun kò ní jókòó sínú ọkọ̀ yẹn lórí omi láéláé.

Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n ju ọkọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó da tapólì bò ó, ó sì gbàgbé. Ara rẹ̀ kò gba omi, ó kàn fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló ni ín ni. Oòrùn jẹ táyà tírélà náà títí wọ́n fi sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà. Ní gbogbo àkókò yẹn, àbúrò ń wá táyà tó bá tírélà náà mu. Tírélà àtijọ́ ni, ihò tí bóòtù ń gbà wọ rímù rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Ó wá a títí ó fi rí méjì, ó sì gbé wọn sínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, nítorí ó dá a lójú pé ọkọ̀ á padà wá sílé lọ́jọ́ kan.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ dé góńgó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rí ọkọ, ẹ̀gbọ́n sì ti fọ́nnu fún àwọn àna tuntun pé òun ní ọkọ̀ ojú omi, pé òun á gbé wọn gbafẹ́ lórí ọ̀sà ní Sátidé. Ó wá rántí pé ọkọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo onítáyà tó mọ̀ kó tó yọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, pẹ̀lú rímù tó ti dípẹtà lápá.

"Àbúrò mi àtàtà! Ọjọ́ ti pẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó." Ó tilẹ̀ nu bẹ́ǹṣì fún un.

"Gbogbo ibi tí mo dé, ihò wọn ò bá a mu. Gbà mí o. Àwọn àna mi ń bọ̀."

Ìyá Onítáyà gba rímù lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Oríṣi méjì tó bá a mu ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tó ti ń pa mọ́. Èkejì jẹ́ ti mọ́tò kékeré kan tí wọ́n tú pa, rímù rẹ̀ ń dán bíi dígí, táyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì fanimọ́ra. Ihò wọn kàn ṣèèṣì bára mu ni. Èyí tó ń dán ló kọ́kọ́ gbá mú. Mo ń sọ òtítọ́ fún yín, ọwọ́ rẹ̀ dì í mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ó rántí pé ọkọ̀ bàbá ló máa jókòó lé e. Ẹni tó bá fẹ́ pa olè, ṣé ó yẹ kó pa ẹrù mọ́ ọn ni? Ó fi í sílẹ̀. Ó yí èyí tó dáa jáde, méjèèjì, ó sì fi gbogbo ẹnu ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, ẹ̀gbọ́n mi. Ó le, àbí? Ti tírélà nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ga, bó bá dé kọ́nà, ó máa fẹ́ fì. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá rọ̀, á máa bá a fì ni, á gbóná, á sì bẹ́. Rímù rẹ̀ ò lẹ́wà lóòótọ́, síńkì ni wọ́n fi bò ó, kí omi iyọ̀ má bàa jẹ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n kò tẹ nǹkan kan. Ó ti na ọrùn wo yàrá ẹ̀yìn. "Èwo ló ń dán lọ́hùn-ún yẹn?"

"Ti mọ́tò kékeré ni. Ihò rẹ̀ bá ti yín mu, àmọ́ kò lè gbé ìdajì ẹrù yín. Ẹ má wò ó."

Ẹ̀gbọ́n wá ń wo ojú àbúrò rẹ̀. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta. Ó bi ara rẹ̀ pé, ká ní èmi ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn sí, kí ni mo máa tà fún ẹni tó ṣe é? Ó mọ èsì rẹ̀ dáadáa. Òun á gbé èyí tó bàjẹ́ síta, òun á máa yìn ín, òun á sì ní kó má wo èyí tó dáa. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí tó o ní kí n má wò ni kó o bá mi gbé wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò dáa fún un."

"Ó dáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́n, àbúrò. Àbí kó o fi bàbá wa búra? Fi bàbá wa búra pé èyí tó burẹ́wà yìí ló dáa, màá sì gbé e lọ báyìí báyìí."

Ìyá Onítáyà la ẹnu. Ó kù díẹ̀ kí ìbúra náà jáde, ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ "bàbá wa" lẹ́nu ẹni tó jẹ́ pé títí bàbá fi dákẹ́ ni bàbá ń bèèrè pé ta ló gbé ọkọ̀ òun lọ, ara rẹ̀ gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó mú àkísà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni mo máa dè."

"Mo mọ̀!" Ẹ̀gbọ́n gbá itan.

"Ta ló máa jókòó sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà?"

"Kò sẹ́nì kankan. Inú mọ́tò ni gbogbo wa máa wà, àwọn àna máa ṣíwájú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Kí ẹnikẹ́ni má torí ìbéèrè yẹn pè é ní ẹni rere. Wọ́n fa tírélà dé, ó fi jáàkì gbé e, ó de àwọn nọ́ọ̀tù le, ó fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí iṣẹ́ ọwọ́ òun bá wí. Nígbà tó délé, ó ń kọrin lábẹ́ imú bó ṣe ń fọ abọ́. Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè nídìí máṣíìnì.

"Ẹ̀rù ń bà mí o. Ìgbà tó o kọrin báyìí gbẹ̀yìn, ìyá mi ò padà wá kí wa mọ́."

Nígbà tó di Sátidé, Ìyá Onítáyà wọ aṣọ tó dáa. Ó gbé táyà méjì tó ti ń pa mọ́ sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù rẹ̀, ó gbé jáàkì àti sípánà lé e, ó sì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àna kọ́kọ́ kọjá. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé wọn, ó ti kó àga, kúlà àti jẹnẹrétọ̀ kún inú ọkọ̀ bí ẹni tó ń kó kúrò nílé. Rímù ń kọ mọ̀nà. Ó fọn fèrè mọ́tò sí àbúrò rẹ̀, àbúrò sì juwọ́ sí i. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló rí i pé ọkọ̀ ti ń fì.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀, tírélà ti dí ọ̀nà ọ̀sà.

Kọ́nà tó gbẹ̀yìn kí èèyàn tó kan omi ni. Táyà kan ti bẹ́, rímù tó ń dán ti gbẹ́ títì, tírélà dojú dé. Ọkọ̀ ti já bọ́ sórí òkúta, ó fi ikùn gbá a, pákó inú rẹ̀ sì yọ síta. Kúlà ń léfòó lọ lórí omi. Kò sẹ́ni tó fara pa. Bàbá ọkọ ìyàwó dúró, ó ń bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé ṣé ọkọ̀ tí wọ́n sọ náà nìyí. Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú.

Inú Ìyá Onítáyà dùn. Ó dùn débi pé ó kù díẹ̀ kó kọrin. Lẹ́yìn náà ló rí ikùn ọkọ̀, ó sì dùn ún bí ẹni pé wọ́n lu bàbá rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ìdùnnú yẹn kò tìtorí ẹ̀ kúrò. Ó ní kí àwọn ọkùnrin bá òun gbé tírélà dìde, ó tú rímù tó ti wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í de èyí tó gbé wá. Wọ́n pawọ́ pọ̀ gbé ọkọ̀ lé e. Táyà náà kò tilẹ̀ mira. Ó so tírélà mọ́ mọ́tò tirẹ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sókè, sọ́nà ilé.

Ẹ̀gbọ́n kò bi í pé ibo ló ń gbé e lọ. Ó ti dìde, ó dúró tì í níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó tún ń fún nọ́ọ̀tù le.

"O ti gbé àwọn táyà yìí sínú mọ́tò kó tó ṣẹlẹ̀," ló wí.

"Onítáyà ni mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"O sọ fún mi lóòótọ́. O ní kò dáa. Kí ló wá dé tó ò búra? Mo ní kó o fi bàbá wa búra. Ká ní o búra ni, ǹ bá gbà ọ́ gbọ́."

Ìyá Onítáyà fún nọ́ọ̀tù tó kù le. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wò ó lójú, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá wọn.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa gbà mí gbọ́," ló wí. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi búra."